Ìyàtọ̀ Tí Mo Fi Sílẹ̀

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án

Aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni fóònù máa ń gbọ̀n lábẹ́ ìrọ̀rí mi. Mo ti pa ohùn rẹ̀, mo sì fi gèlè àtijọ́ wé e kí ó má baà jí bàbá ọmọ mi. Ó kàn ń kùn létí mi bí eṣinṣin inú ìgò ni. Mo máa ń ka ení, èjì, ẹ̀ta kí n tó gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni mo fi ń wá sálúbàtà. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ni mo ń gbà kọjá lẹ́nu ọ̀nà yàrá ọmọ, nítorí pákó kan wà láàárín ilẹ̀ tí ó máa ń dún. Ní kíṣìnì, omi ife kan péré ni mo ń dà sínú kẹ́tùlù, mo sì ń gbé e kúrò lórí iná kí ó tó súfèé. Lẹ́yìn náà ni mo ń na ẹsẹ̀ tábìlì ìlọṣọ. Ibẹ̀ ni mo ti ń kàwé, lórí ìdúró. Mo ti gbìyànjú àga, mo ti gbìyànjú orí bẹ́ẹ̀dì. Oorun kò bọ̀wọ̀ fún èyíkéyìí nínú wọn. Ìwé ní apá ọ̀tún, ẹ̀rọ ìṣirò láàárín, tíì ní apá òsì níbi tí wọ́n ṣe fún áyọ́ọ̀nù. Bẹ́ẹ̀ ni títí di aago mẹ́fà ààbọ̀. Nígbà náà ni mo ń ká ìwé kúrò, tí mo ń lọ yunifọ́ọ̀mù ọmọ àti ṣẹ́ẹ̀tì bàbá rẹ̀ lórí ibi kan náà. Gbogbo ìwé mi ń rùn bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀.

Mo ti tún bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ìdánwò ku oṣù mẹ́ta àti ọjọ́ méjì.

Lẹ́tà ẹgbẹ́ àwọn akáńtáǹtì wà lára ògiri kíṣìnì, mo fi tépù lẹ̀ ẹ́ mọ́ òkè súìṣì. Ìdánwò mẹ́tàlá ni mo ti yege, ọ̀kan ló kù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti jókòó fún un, ẹ̀ẹ̀mejì ló ti dá mi padà. Lẹ́tà náà ní ọdún méje tí wọ́n fún mi yóò pé ní ìparí ọdún yìí, àti pé bí n kò bá yege lẹ́ẹ̀kẹta yìí, mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá yóò di asán, kí n wá bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkíní. N kò ní bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkíní. Ẹni ọdún méjìlélógójì ni mí. Mo kọ gbólóhùn yìí láìsí ìbànújẹ́. Mo kàn kọ ọ́ ni, bí ẹni ń kọ ọjọ́ sórí ìwé.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹfà

Kíláàsì ìgbaradì ìdánwò bẹ̀rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ni wọ́n yá lò fún wa. Àwọn àga náà kéré débi pé orúnkún wa ń kan àyà. Wọ́n ya ẹja sára ògiri, wọ́n kọ ẸJA sábẹ́ rẹ̀. Àwa mẹ́tàlélógún ni, gbogbo wa la ti ṣubú rí. Ẹ̀yìn ni mo jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Oṣù méje rèé tí a ti kó wá sí ìlú yìí nítorí iṣẹ́ bàbá ọmọ mi, n kò sì tíì rí ẹni tí n óò bá jókòó níwájú.

Àgbàlagbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ àyẹ̀wò ìwé owó ni olùkọ́ wa. Ó wọ súwẹ́tà nínú ooru. Àwọn tó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ ń pè é ní Baba Kọjá, nítorí ọ̀rọ̀ kan ni kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀: "Kọjá sí èyí tó kàn." Ó bi wá lọ́kọ̀ọ̀kan pé kí ló gbé wa ṣubú.

Ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, tí bàtà rẹ̀ ń dán bí dígí, dìde. "Sà, ìyàwó mi ló bímọ ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò."

"Ìyẹn nígbà àkọ́kọ́. Ìgbà kejì ńkọ́?"

"Ó tún bí òmíràn ni, sà."

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ máa rín in lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, mo ti ní kó lọ máa gbé lọ́dọ̀ ìyá ẹ̀ títí máàkì á fi jáde."

Nígbà tó kàn mí, mo ní, "N kò mọ̀, sà." Òótọ́ ni. Baba Kọjá wò mí díẹ̀.

"Ẹni tí kò mọ ibi tí bàtà ti ń ta á, ṣé ó lè júwe fún oníbàtà?"

"Rárá, sà."

"Ó dáa, ìyá. A máa bọ́ bàtà ọ̀hún wò."

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹwàá

Òjò láti àárọ̀. Owó bọ́ọ̀sì ti kúrò ní ẹgbẹ̀ta, ó di ẹgbẹ̀rin. Ojú ìwé mẹ́rin péré.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlá

Ó fún wa ní ìbéèrè márùn-ún, wákàtí mẹ́ta, bí ọjọ́ ìdánwò gan-an. Èkíní ni kí a to báláǹsì ṣíìtì ilé iṣẹ́ kan. Mo tò ó. Apá méjèèjì kò dọ́gba. Àádọ́rùn-ún ni wọ́n fi yàtọ̀. Mo mọ àádọ́rùn-ún. Ìyàtọ̀ tó bá ti ṣeé pín sí mẹ́sàn-án láìṣẹ́kù, àfàìmọ̀ ni kò ní jẹ́ pé nọ́ńbà méjì ti gba ipò ara wọn níbì kan. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Mo wá a lókè, mo wá a nísàlẹ̀. Ara mi balẹ̀ bí ti ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Nígbà tí mo gbójú sókè, Baba Kọjá dúró lẹ́yìn mi.

"Kí lò ń wá, ìyá?"

"Ìyàtọ̀ ni, sà. Mo ti fẹ́ rí i."

"Láti ìgbà wo?"

Mo wo aago.

"Ogójì ìṣẹ́jú," ni òun fúnra rẹ̀ dáhùn. "Mo ti ń wò ọ́. Tí apá méjèèjì bá dọ́gba, máàkì mélòó ni wọ́n ń fún èèyàn?"

"Ọ̀kan, sà."

"Ìbéèrè mélòó lo ti dáhùn?"

"Ọ̀kan, sà."

Ó yíjú sí àwọn yòókù. "Ẹ wò ó, ìyá yìí ta màlúù, ó fi owó ẹ̀ ra okùn tí wọ́n fi so ó."

"Okùn náà ṣáà dára, sà," ni ọkùnrin báńkì, tí a ti ń pè ní Ọmọ Báńkì, wí.

Nígbà tí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Iṣẹ́ wo lò ń ṣe?"

"Akọ̀wé owó ni mí, sà. Ọdún kọkànlá rèé."

"Mo ti mọ̀. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì á fi ìyàtọ̀ sílẹ̀, á kọjá. Kò mọ̀ ọ́n lójú. Ẹni tó ti ń fi iṣẹ́ ọ̀hún jẹun kì í lè fi í sílẹ̀. Ohun tó ń bọ́ ẹ náà ló ń gbé ẹ ṣubú."

Nínú bọ́ọ̀sì ni mo ti rí i: 450 ni, mo kọ 540. Ẹ̀ẹ̀mejì tí mo kùnà, mo ti wá mọ ìdí rẹ̀. Mo retí kí inú mi bàjẹ́. Bọ́ọ̀sì dé ibùdókọ̀ wa, mo sọ̀ kalẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọ̀dà ni ibi iṣẹ́ wa. Ọ̀dà tí wọ́n bá pò tí àwọ̀ rẹ̀ kò bọ́ sí i, ara ògiri ọ́fíìsì ni wọ́n ń kùn ún sí. Nítorí náà, ògiri wa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní àwọ̀ mẹ́rin tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ rà. Èyí tó kọjú sí mi rí bíi tíì tí mílíìkì rẹ̀ ti kan. Àwa mẹ́ta là ń lo yàrá náà: èmi, ọ̀gá wa obìnrin, àti ọmọbìnrin tó ń kọ rìsíìtì, tí fóònù kì í kúrò létí rẹ̀.

Níbi iṣẹ́ mi àtijọ́, A-wá-a-rí ni wọ́n ń pè mí. Tí ìwé ẹnikẹ́ni bá ti kọ̀ tí kò dọ́gba, wọ́n á gbé e wá sórí tábìlì mi, wọ́n á ní, "A-wá-a-rí, jọ̀ọ́." Níbí, Ẹni Tuntun ni wọ́n ṣì ń pè mí.

Lónìí, ọ̀gá ju fáìlì kan sílẹ̀ níwájú mi. "Ẹni Tuntun, ìwé stóòrù yìí fi mẹ́rìndínlógójì yàtọ̀. Ó ti sú mi. Bá mi wò ó."

Mo rí i kí tíì rẹ̀ tó tutù.

"Háà! Ojú lo fi ń wò ó ni, àbí òórùn ẹ̀ lò ń gbọ́?"

Mo ní ẹ ṣé, mà. Ohun kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni tíì yìn mí fún ní ìlú yìí ni ohun tí Baba Kọjá ní kí n fi sílẹ̀.

Àbámẹ́ta, ogúnjọ́

Ó fún mi ní iṣẹ́ àyànṣe, tèmi nìkan: lójoojúmọ́, kí n fi ohun kan sílẹ̀ láìparí, kí n sì lọ sùn.

"Ohun wo, sà?"

"Ohunkóhun. Tó bá jẹ́ inú ìwé nìkan lo ti ń kọ́ ọ, ọwọ́ ẹ ò ní gbà. Bẹ̀rẹ̀ láti ilé."

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkànlélógún

Mo fi ṣíbí kan sílẹ̀ láìfọ̀.

Bàbá ọmọ mi bá a nínú abọ́ ìfọwọ́. Ó gbé e sókè sínú ìmọ́lẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní ọsibítù ni ó ń ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe ń wo gbogbo nǹkan.

"Kí ló ṣe ṣíbí yìí?"

"Iṣẹ́ àyànṣe ni."

"Ti ta ni?"

"Tèmi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi síbẹ̀."

Ó dá a padà jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni ń dá ẹyin padà sínú ìtẹ́. "Ó dáa o. Ó ku kí wọ́n ní kí o fi ọkọ sílẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ ẹ̀rín náà bó ṣe jáde, ó dún bí ti ẹni tó wà ní yàrá kejì.

Kí n tó wọlé sùn, mo fọ ṣíbí náà.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Gáàsì ti gbówó lórí lẹ́ẹ̀kejì lóṣù kan. Ṣíbí wà níbẹ̀ láti àná. N kò fọ̀ ọ́.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹfà oṣù kẹwàá

Ọmọ wa pé ọdún méje lóṣù tó kọjá. Ìyá Àgbà là ń pè é nílé, nítorí bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Olùkọ́ wọn ní kí wọ́n ya àwòrán ìdílé wọn. Òun fúnra rẹ̀ ló lẹ tirẹ̀ mọ́ ara fíríìjì. Bàbá rẹ̀ ní ojú, ó ní irùngbọ̀n. Òun náà ní ojú, eyín kún ẹnu rẹ̀. Èmi dúró nídìí tábìlì ìlọṣọ, ẹ̀yìn mi ni ó yà. Ó ya kókó gèlè mi. Ó ya okùn áyọ́ọ̀nù pàápàá títí dé ojú iná.

"Ìyá Àgbà, ojú mi dà?"

"Ó wà níwájú. Mi ò rí i láti ibi tí mo jókòó sí."

"O ò rántí bó ṣe rí ni?"

"Ẹ̀yin lẹ ní kéèyàn kọ ohun tó bá fojú rí, kó má kọ ohun tó rò."

Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Òfin iṣẹ́ àyẹ̀wò ni, mo ń kà á sókè ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó ti jí. Mo wo àwòrán náà pẹ́. Ó ya aago sára ògiri, ọwọ́ rẹ̀ sì tọ̀nà: mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ooru. Kò sí iná. Mo kàwé lẹ́nu ilẹ̀kùn. Wákàtí kan, ìbéèrè méjì.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Ọmọ Báńkì gbé àga rẹ̀ wá sẹ́yìn. "Àǹtí Ẹ̀yìn, ẹ sún fún mi. Níwájú, súwẹ́tà Baba Kọjá ló ń mú èmi láàgùn."

Mo sún. Ó fún mi ní bísíkíìtì kan, ó jẹ mẹ́ta.

"Ẹ ò kì í sọ̀rọ̀," ó wí. "Àmọ́ mo ti rí i pé ńṣe lẹ ń yẹ gbogbo wa wò. Kí lẹ wá rí lára mi?"

N kò fẹ́ dáhùn. Mo dáhùn. "Bàtà rẹ ń dán níwájú. Gìgísẹ̀ rẹ̀ ti jẹ."

Ó gbé ẹsẹ̀ sókè, ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín títí Baba Kọjá fi kan tábìlì. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún báńkì."

Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó bá mi rẹ́rìn-ín láti ìgbà tí a ti dé, yàtọ̀ sí àwọn tó ń gbé ilé mi. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí pé ó ṣẹlẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún oṣù kọkànlá

N óò kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ìwé oṣù tó kọjá fi mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n yàtọ̀ níbi iṣẹ́. Ọ̀gá ní kí n fi í sílẹ̀ di ọ̀la. Mo ní rárá, mà, mo ti fẹ́ rí i. Mo ki fóònù bọ inú dúrọ́ọ̀ kí ó má baà dí mi lọ́wọ́. Àkókò oúnjẹ ọ̀sán kọjá lórí mi. Aago mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú ni mo rí i: 63 ni, ẹnìkan kọ 36. Inú mi dùn tó ìbú ìka kan. Mo ṣí dúrọ́ọ̀. Ìpè mọ́kànlá ni mo bá níbẹ̀.

Aago méjìlá ni ilé ẹ̀kọ́ ti parí. Àwọn olùkọ́ ní ìpàdé. Wọ́n ti fi ìwé ránṣẹ́ sí wa lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sì buwọ́ lù ú. Mo rí i lára fíríìjì nígbà tí mo délé, bíró aláwọ̀ ewé tí mo fi ń ṣe àyẹ̀wò ni mo lò. N kò kà á. Ọdún mọ́kànlá nídìí ìwé, mo buwọ́ lu ohun tí n kò kà.

Wọn kì í gbé fóònù wọ ibi tí bàbá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Kò sí ẹlòmíràn tí wọ́n lè pè ní ìlú yìí.

Orí bẹ́ǹṣì ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ilé ẹ̀kọ́ ni mo bá Ìyá Àgbà. Ó dé fìlà ẹ̀ṣọ́, fìlà náà bò ó dé ojú. Báàgì rẹ̀ wà lórí itan, ó fi ọwọ́ méjèèjì lé e bí èrò tó ń dúró de bọ́ọ̀sì.

"Ẹ kú ọjọ́, màmá," ni ẹ̀ṣọ́ wí. Kò fi ohùn bá mi jà, ìyẹn ló burú jù. "Gbogbo wọn ti lọ. Mo bi í pé ìyá ẹ dà, ẹ mọ ohun tó ní?"

"Kí ló ní?"

"Ó ní wọ́n ń wá ìyàtọ̀. Mo ní ìyàtọ̀ kí ni? Ó ní òun ò mọ̀, àmọ́ tí wọ́n bá ti rí i, wọ́n á wá."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dá fìlà padà. A dé ìkóríta, Ìyá Àgbà bi mí léèrè.

"Ṣé ẹ rí i?"

"Mo rí i."

"Ó kúkú dáa. Mo rò pé lásán la jókòó ni."

Bàbá rẹ̀ wọlé ní aago mẹ́fà. Mo ròyìn fún un lórí ìdúró. Ó bọ́ bàtà, ó tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn.

"Mi ò bínú," ó wí.

"Ẹ bínú, ẹ jọ̀ọ́."

"Ó ti rẹ̀ mí ju kí n bínú lọ." Ó jókòó. "Tó o bá yege, o yege. Tó ò bá yege, a ò ní tìtorí ẹ̀ má jẹun. Àmọ́ ìgbà tó o bá wà nílé, ṣé o lè wà nílé?"

Mo ní n óò gbìyànjú. Mo dúró kí ẹkún wá. Nígbà tí kò wá, mo fọ abọ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Mo ka gbogbo ìwé ara fíríìjì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ti abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ti owó omi. Ti ọjọ́ ìbí ọmọ kan tó ti kọjá láti oṣù kẹjọ. Àwòrán náà ṣì wà níbẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Ọ̀gá tún gbé fáìlì wá. Méjìdínlógún. Aago méjì ku díẹ̀. Mo kọ 18 sórí ìwé pélébé kan, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú fáìlì, mo gbé báàgì mi.

"Ẹni Tuntun, ibo?"

"Ilé ẹ̀kọ́ ọmọ mi, mà. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ yín láàárọ̀."

"Mo mọ̀. Àmọ́ o fẹ́ fi ìyẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Ó máa wà níbẹ̀ lọ́la, mà."

Ọmọbìnrin oní-rìsíìtì mú fóònù kúrò létí kí ó lè wò mí dáadáa.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

Ìdánwò ìdánrawò tó kẹ́yìn. Ìbéèrè kìíní fi mẹ́tàlélọ́gọ́ta yàtọ̀. Mo fi í sílẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi nìyí tí mo dé orí ìbéèrè karùn-ún. Baba Kọjá kọ 51 sórí ìwé mi, àádọ́ta ni wọ́n fi ń yege. Kò sọ nǹkan kan ju "Kọjá" lọ, àmọ́ ó dúró díẹ̀ kí ó tó lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Ọmọ Báńkì gba 38. "Mo ti ní kí ìyàwó mi máa bọ̀ nílé," ó wí. "Kò yẹ kéèyàn jẹ ìyà méjì pọ̀."

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹta oṣù kejìlá

Káàdì ìdánwò, bíró mẹ́rin, pẹ́ńsù méjì, ẹ̀rọ ìṣirò, omi. Ìyá Àgbà gba bíró aláwọ̀ ewé lọ́wọ́ mi, ó pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì fi ọwọ́ kan ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ó tó fi àmì sí i lórí ìwé tí mo kọ wọ́n sí. "Mo fojú rí gbogbo ẹ̀," ó wí. Ó buwọ́ lù ú.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrin

Gbọ̀ngàn eré ìdárayá ni. Ìlà pupa àti ìlà funfun wà káàkiri ilẹ̀. Tábìlì mi, ìkẹtàdínlọ́gọ́rin, dúró lórí ìlà tí wọ́n ti ń ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Òjò bẹ̀rẹ̀ lórí páànù bí wọ́n ṣe ní ká ṣí ìwé. Obìnrin tó ń ṣọ́ wa ti bọ́ bàtà, ó ń rìn láàárín wa nínú ìbọ̀sẹ̀.

Ìbéèrè kìíní, báláǹsì ṣíìtì. Mo tò ó. Kò dọ́gba. 54.

Mo mọ 54. Mẹ́sàn-án lọ́nà mẹ́fà. Ojú mi ti gòkè lọ fúnra rẹ̀, ó ti dé ìlà kẹta, bíró ń tẹ̀ lé e. Ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógójì la ní fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, aago ara ògiri sì ní mo ti lo mẹ́tàdínlógójì. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni ó máa gbà mí. Bóyá márùn-ún. Mo mọ̀ pé n óò rí i. N kò tíì wá ọ̀kan kí n má rí i.

Mo rántí fìlà ẹ̀ṣọ́ náà, bó ṣe bo ojú ọmọ mi.

Mo kọ 54. Mo kọ síwájú rẹ̀ pé ìyàtọ̀ ni, n kò tíì rí ìdí rẹ̀. Mo fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, mo ṣí ojú ìwé tuntun. Kò dà bí ìṣẹ́gun. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn jáde nílé tí kò dá a lójú pé òun pa iná. Mo kọ ìkejì. Mo kọ ìkẹta. Mo kọ ìkẹrin, ọwọ́ mi ti kú. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin nígbà tí mo parí ìkarùn-ún. Mo lè padà sí 54. Mo ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ itan, mo jókòó lé wọn títí agogo fi lù.

Ọmọ Báńkì bá mi lábẹ́ ìbòòji lẹ́nu ọ̀nà. "Àǹtí Ẹ̀yìn! Ṣé tiyín dọ́gba?"

"Kò dọ́gba."

"Ẹ dúpẹ́! Tèmi náà ò dọ́gba. Èló ni tiyín?"

"Mẹ́rìnléláàádọ́ta."

"Mílíọ̀nù méjì ni tèmi."

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ keje

Mo ń wẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí 54 dé fúnra rẹ̀. 382 ni, mo kọ 328. N kò wá a. Mo fi ọṣẹ sí ẹsẹ̀ kejì.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kìíní

Aago mọ́kànlá àárọ̀ ni èsì jáde. Mo wò ó lórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì. Mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Mo yege. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta, bí ìwé tí n kò tíì fẹ́ buwọ́ lù.

"Kí ló dé tó o dákẹ́ bẹ́ẹ̀?" ni ọ̀gá bi mí.

"Mo yege, mà."

Ọmọbìnrin oní-rìsíìtì ló kígbe. Ó ju fóònù sílẹ̀, ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ ṣì wà lórí rẹ̀, ó wá gbá mi mọ́ra. N kò mọ̀ pé ó mọ̀ pé mo ń ṣe ìdánwò kankan. "Àǹtí, ojú pupa lójoojúmọ́, òórùn áyọ́ọ̀nù lára ìwé, ta ni ò mọ̀?"

"Ẹni Tuntun ti di akáńtáǹtì," ni ọ̀gá wí. "A ní láti wá orúkọ mìíràn fún un."

Mo dúró de ayọ̀ náà títí aago márùn-ún. Ó lè máa bọ̀ lọ́nà. Bọ́ọ̀sì ìlú yìí máa ń pẹ́.

Bàbá ọmọ mi ti rí àtẹ̀jíṣẹ́ mi kí ó tó délé. Ó dì mọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà, bàtà rẹ̀ ṣì wà lẹ́sẹ̀, báàgì rẹ̀ ṣì wà léjìká, ó sì pẹ́ kí ó tó fi mí sílẹ̀. Mo gbọ́ bí àyà rẹ̀ ṣe ń lù. Ó yá ju bí mo ṣe rò lọ.

Ìyá Àgbà dúró, ó di ọwọ́ sẹ́yìn. "Ṣé ó ti parí pátápátá?"

"Ó ti parí."

"Kò sí òmíràn lẹ́yìn ẹ̀?"

"Kò sí."

Ó lọ wo àwòrán ara fíríìjì, ó yíjú wò mí, ó tún wo àwòrán. "Ti ọdún tó kọjá nìyẹn," ó wí. "Màá ya òmíràn. Àmọ́ ẹ máa jókòó o. Ẹ ò sì gbọdọ̀ mira."

Mo yọ lẹ́tà kúrò lára ògiri. Tépù náà bó ọ̀dà díẹ̀ lọ.

Lọ́la Àbámẹ́ta ni, kò sí kíláàsì. N óò ká ẹsẹ̀ tábìlì ìlọṣọ, n óò gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, n óò gbé àga kan sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kíṣìnì níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé, n óò jókòó síbẹ̀, n óò sì kọjú sí ọmọ mi títí yóò fi yà á tán.